Ohun Tó Fi Ti Ọ̀rọ̀ Ẹ̀ Lẹ́yìn

…àròkọ yìí náà tún ni. Mo kúkú ti mọ̀. Gbogbo ìbéèrè tó kù, mo ti tẹ ìdáhùn sí wọn, ó dáa ni o, ó burú ni o, Ọlọ́run ló mọ̀. Ó wá ku òun nìkan. Ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú, ìlà kékeré kan ń ṣẹ́jú sí mi níbẹ̀ bí ẹni tó ń sọ pé, ṣé kí n máa lọ ni?

Má lọ. Dúró ná.

Kíláàsì nọ́ọ̀sì máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹjọ. Wọn ò ní gbà mí láìsí ìwé-ẹ̀rí yìí, ìwé-ẹ̀rí àwa tí a ò parí girama. Ìṣirò, mo ti yege. Sáyẹ́ǹsì, ìtàn ìlú, mo ti yege. Gẹ̀ẹ́sì nìkan — èdè tí wọ́n fi bí mi, ẹ wò ó — òun ló ti gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá tún gbé mi ṣubú lónìí, ó di lẹ́yìn oṣù méjì kí wọ́n tó jẹ́ kí n tún un ṣe, kíláàsì á sì ti kún. Màá kàn máa pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn arúgbó lọ bẹ́ẹ̀, títí wọ́n á fi máa pààrọ̀ tèmi náà.

Twyla ń wò mí látẹ̀yìn fèrèsé. Òun ló ń ṣọ́ wa níbi ìdánwò. Láàárọ̀ ó ní kí n fa àpò mi síta, kí n ká ọwọ́ aṣọ mi sókè, kí n bọ́ ìgò ojú mi kó yẹ̀ ẹ́ wò. "Má bínú, Orlena, òfin ni." Twyla tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú ìgò ojú mi. Kò kúkú sí nǹkan nínú orí tó gbé e náà —

"Orí ẹ ò gba ìwé." Màámi. Ohùn ẹ̀ tún ti dé sí mi létí.

Ka ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ èèyàn méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ kékeré tó wà lórí òkè pa, kí àwọn ọmọ máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí èyí tó tóbi tó wà nísàlẹ̀. Obìnrin kan ní wọn ò gbọ́dọ̀ tì í. Èwo ni —

Tìẹ ni, arábìnrin. Ẹ̀yìn ẹ ni mo wà. Wọ́n ti tiwa náà pa, igbó ti bo òrùlé ẹ̀. Mo lè kọ ọ́ láì mí —

Rárá. Ohun tí mo ṣe nígbà tó gbé mi ṣubú nìyẹn. Bí ìgbà tí a bá ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lálẹ́ Ọjọ́rú, mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, ó ku kí n ṣe àmín. Nígbà tí mo tún un kọ fún Ọ̀gbẹ́ni Tackett, olùkọ́ wa, ó kà á tán, ó bọ́ ìgò ojú ẹ̀, ó fi táì nù ún. Táì yẹn ò ní iṣẹ́ míì.

"Orlena, ó dùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún. Ṣùgbọ́n ta ló bi ẹ́ ní ohun tí ìwọ rò?"

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni, sà?"

"Èmi kọ́. Wọ́n ní nínú àwọn méjèèjì, ta ló ní ohun tó fi ti ọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn? O lè kórìíra ẹ̀, kó o ṣì gbé àre fún un."

Ó ní gbogbo wa lórí òkè yìí la máa ń ṣe àṣìṣe yẹn. Pé téèyàn bá bi wá pé aago mélòó ló lù, ohun tí a rò nípa aago la máa sọ.

Ó dáa. Ọkùnrin yìí sọ iye ọmọ tó kù. Ó sọ ibi tí òrùlé ti ń jò, ó sọ ẹni tó gùn ún lọ wò. Obìnrin wa ńkọ́? Ó ní ìyá ìyá òun lọ síbẹ̀. Ó ní ọkàn òun gbọgbẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn… ó tún ní ọkàn òun gbọgbẹ́. Arábìnrin, o ò ràn mí lọ́wọ́ rárá. Ohùn ẹ kàn ń lọ sókè ni.

Ohùn ẹ ń lọ sókè, mo sì gbà á gbọ́.

"Orí ẹ ò gba ìwé, Orlena." Nídìí sítóòfù, tó ń ro ẹ̀wà. Lójú àlejò. Lójú Dwight, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú un wálé, bí ẹni ń sọ pé mi ò kì í jẹ àlùbọ́sà. Dwight tó ti di ọkọ mi ṣì ń fi ṣeré: "Nọ́ọ̀sì, ṣé orí ò tíì gbóná?"

Kí ni màámi fi tì í lẹ́yìn? Pé mo kúrò nílé ẹ̀kọ́. Òótọ́ ni. Ìgbà wo ni… ìgbà tí Papaw, bàbá màámi, ò lè mí dáadáa mọ́, tí eruku èédú tó fi ọjọ́ ayé ẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ tán. Màámi ń lọ síbi iṣẹ́ ìránṣọ, wọ́n ń wá ẹni tó máa jókòó tì í. Èmi ni. Mo sì ń ka — dúró — mo sì ń ka orúkọ egungun fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, láìwo ìwé. Á fi ìka kan èjìká ẹ̀, á fi kan orúnkún. "Èyí ńkọ́, ọmọ?" Mi ò fo ọ̀kan.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ orí mi nígbà yẹn. Kò sẹ́ni kankan… Wọ́n kọ́kọ́ mú mi kúrò ná. Ìgbà tí a sin Papaw tán, tí mo béèrè pé ṣé mo lè padà, ìgbà yẹn ni màámi yíjú sí ìkòkò. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé orí mi ò gba ìwé. Ó rọrùn láti sọ ju kó ní, ọmọ mi, mi ò lè dá a ṣe.

Mi ò bínú. Bóyá mò ń bínú. Màá mọ̀ tí mo bá jáde.

Twyla wo aago, ó wò mí. Ìlà kékeré yẹn ṣì ń ṣẹ́jú.

Mo tẹ̀ ẹ́: obìnrin yìí sọ̀rọ̀ tọkàntọkàn, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ — rárá, pa ìyẹn rẹ́. Obìnrin yìí sọ̀rọ̀ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kò ní nǹkan kan tó fi tì í lẹ́yìn.