Wáyà Tó Ń Kùn

Sàkáríyà yí ìdí jáàkì tó wà lórí wáyà náà títí ó fi ṣí, ó fi ẹnu sukurudíráfà tọ́ka sí inú rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Kai, ọ̀gá, ẹ wò ó. Wáyà sípíkà lẹ fi ń ta gìtá."

Akínjídé na ọrùn láti orí àpótí tó jókòó lé nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí Sàkáríyà ti ń ta wáyà àti ohun èlò orin ní Karmo. Wáyà méjì tó sanra ló rí, wọ́n sùn ti ara wọn. Sàkáríyà wá ṣí jáàkì wáyà mìíràn, èyí tó tín-ín-rín tí kò sì lẹ́wà rárá. Wáyà kan ṣoṣo ló wà láàárín tiyẹn, bàbà wẹ́wẹ́ tí wọ́n hun bí àwọ̀n sì wé e yí ká.

"Àwọ̀n yìí ni kì í jẹ́ kí ariwo iná wọlé. Fáànù, gílóòbù, fóònù, gbogbo wọn ló ń pariwo, etí wa ni ò gbọ́ ọ. Ti yín ò ní àwọ̀n. Sípíkà ni wọ́n ṣe é fún. Tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ gìtá, á kàn máa kùn ṣáá ni." Ó gbé wáyà náà sí ìmọ́lẹ̀. "Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sí i lára."

Òótọ́ ni. Lẹ́tà funfun kéékèèké wà lára rọ́bà dúdú náà láti orí dé ìdí. Akínjídé, ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ẹni tó ń ka fáìlì láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, tó ti dá lẹ́tà padà fún akọ̀wé rẹ̀ rí nítorí kọ́mà kan ṣoṣo, kò ka ohun tí wọ́n kọ sára wáyà. Ojú tì í. Ṣùgbọ́n ti ìwé tí kò kà kọ́ ló ká a lára jù.

"Àbí kò kùn lọ́wọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà á ni?" Sàkáríyà bi í.

"Rárá o," ni Akínjídé dáhùn.

Irọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló yan wáyà náà ní oṣù kan sẹ́yìn, nínú ọjà kan láàárín ìlú. Ó sanra, jáàkì rẹ̀ ń dán bíi góòlù. Gìtá bẹ́ẹ̀sì ni Akínjídé ń ta, ó sì ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé ohùn bẹ́ẹ̀sì ló wúwo jù nínú orin, wáyà tó sanra ló yẹ ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó dé fún ìdánrawò ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Jikwoyi, ó ki í bọ bẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Gbohùngbohùn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ilé oyin. Ó yọ ọ́ kíá. Ó mú wáyà tín-ín-rín tí Fèyí, ọmọbìnrin tó ń ta gìtá, máa ń lò, ó ki ìyẹn bọ ọ́, ohùn sì mọ́ kedere. Nígbà tí Fèyí dé, Akínjídé na wáyà tuntun sí i. Ó ní, "Mo ra èyí fún ẹ. Èmi á máa lo tìẹ àtijọ́ yẹn." Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ bí ẹni pé wọ́n fún un ní mọ́tò. Akínjídé gba ọpẹ́ náà, inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn sí i.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, gìtá Fèyí kùn bo àdúrà pásítọ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo ìjọ ń wò. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn akọrin yíjú sí Akínjídé tó jẹ́ olórí wọn. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ì bá sọ: wáyà ni. Dípò bẹ́ẹ̀, ó dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní ohun èlò inú ilé Ọlọ́run kì í gbọ́ràn sí ọwọ́ tí kò mọ́. Ó ní kí Fèyí gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kó sì lọ máa jókòó sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ṣe àmín. Ta ni yóò bá olórí akọrin jiyàn lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ì bá ti gbàgbé rẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe Shalom. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ni wọ́n fi rọ́pò Fèyí. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, nígbà tó ku àwọn méjèèjì nìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ki wáyà náà bọ gìtá fún ìgbà àkọ́kọ́, torí tirẹ̀ ti já, ó sì kùn. Akínjídé ní jẹnẹrétọ̀ ni, ó pa gbogbo rẹ̀. Kò sọ pé ọwọ́ Shalom kò mọ́. Ìyẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìgbà náà.

"Mélòó lẹ fẹ́ rà báyìí?" Sàkáríyà bi í.

"Méjì. Ọ̀kan fún bẹ́ẹ̀sì, ọ̀kan fún gìtá."

"Irú kan náà làwọn méjèèjì ń lò. Ẹ má wo sísanra o. Báwo lẹ ṣe ń jìnnà sí gbohùngbohùn tó?"

"Ìṣísẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún."

"Kúkúrú ni kẹ́ ẹ mú. Èyí tó bá gùn jù máa ń pa ohùn."

Ó ká ọ̀kan, ó tú u sílẹ̀, wáyà náà sì na ara rẹ̀ láìlọ́. Ó ki í bọ gìtá kan tó wà lára ògiri, ó gbọ̀n ọ́n, ó tẹ ìdí jáàkì sọ́tùn-ún sósì. Kò sí ariwo kankan. Fún ti Fèyí, Akínjídé yan èyí tí jáàkì rẹ̀ tẹ̀ ní orí kan, torí ìjókòó lọmọ náà ti máa ń ta gìtá, jáàkì tó nà gbọnran a sì máa gún un nítan. Ẹnu ya òun fúnra rẹ̀ pé òun mọ ìyẹn.

"Ṣé kí n bá yín ju ògbólógbòó yìí nù?" Sàkáríyà ti dì í padà.

"Rárá. Ẹ fún mi."

Láti Karmo títí ó fi gba Nyanya já, Akínjídé ń to ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni Fèyí ń gbé. Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ìdánrawò láti ọjọ́ yìí. Ó bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ káàsán, sà." Akínjídé kò lè wo orúnkún rẹ̀ lórí símẹ́ńtì.

"Dìde, jọ̀ọ́. Fèyí, wáyà yẹn ni. Kì í ṣe ìwọ."

"Mo mọ̀, sà."

"O mọ̀?"

"Mo gbé wáyà náà wálé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ yẹn, kí n tó dá a padà. Mo fi wáyà aládùúgbò wa dán gìtá mi wò, kò kùn. Mo fi èyí tẹ́ ẹ fún mi dán an wò, ó kùn."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ó ń fi ìka tú ẹ̀wà. "Ẹ ti sọ̀rọ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ṣé kí n wá dìde pé irọ́ lẹ pa ni? Mo rò pé tó bá yá, ẹ máa rí i fúnra yín." Ó ṣa òkúta kan jù nù. "Màmá mi pè mí láti Ìkirè. Ẹnì kan ti lọ sọ fún wọn. Wọ́n ní ṣé mo lóyún ni."

Akínjídé yára fa wáyà tuntun náà yọ nínú báàgì. "Wò ó, tìẹ rèé. Ọ̀la lọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Máa bọ̀ fún ìdánrawò lónìí. Màá sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ti parí."

Fèyí wo jáàkì tó tẹ̀ náà, ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò na ọwọ́ gbà á.

"Bọ̀dá Akin, tí mo bá wá, tí gìtá ò kùn mọ́, wọ́n á ní ààwẹ̀ ló ṣiṣẹ́."

Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Ní aago mẹ́rin, àwọn akọrin ti pé. Akínjídé gbé bẹ́ẹ̀sì kọ́rùn. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ọwọ́ rẹ̀ kan àwọn wáyà tuntun, ó kọjá lára wọn, ó fa èyí tó sanra jáde. Gbogbo wọn ló dá a mọ̀. Ó ki í bọ ibi tó yẹ, ó tan gbohùngbohùn, ariwo náà sì gba inú ṣọ́ọ̀ṣì. Jemimah, tó ń ṣáájú àwọn obìnrin, ti dijú, ó ti ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́.

"Sísítà Jemimah, ẹ má gbàdúrà sí i," Akínjídé wí. "Ara mi ni mo ra wáyà yìí fún. Ó kùn lọ́wọ́ mi kó tó kùn lọ́wọ́ Fèyí. Mo gbọ́ ọ. Mo gbé e fún un, mo sì gba tirẹ̀."

Ojú àwọn akọrin kúrò lójú rẹ̀, ó bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń wo ọwọ́ náà bí ẹni tó ń wá ìdọ̀tí. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ojú èèyàn máa ń wúwo tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ojú yìí ni Fèyí ti ń jókòó láti ọjọ́ yìí, ó sì tún ń kúnlẹ̀ kí òun.

Ìka rẹ̀ ti ń lọ síbi bọ́tìnnì ohùn, láti pa á. Ó wá rántí ilé Fèyí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àti fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣí sílẹ̀ sí i. Ó yí ohùn náà sókè.