Ẹni Tí Òfin Yá Ẹnu Rẹ̀ Lò

Òfin àwọn ológun orí kọ̀ǹpútà dùn ún kà. Ó ní kí wọ́n tó gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì pa ẹ̀rọ ọ̀tá, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ẹni tó mọ àdúgbò bóyá àwọn ará ìlú ń lò ó. Òfin rere ni, ta ló fẹ́ bá a jà? Àfi pé òfin kò lẹ́nu. Ẹnu ọmọ aráyé ló máa ń yá lò.

Ẹnu Mansur, ọ̀kan nínú àwọn ológun náà, ni wọ́n yá. Ajégúnlẹ̀ ló dàgbà sí, lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ obìnrin tó ń pè ní Màmá, pẹ̀lú Kazeem ọmọ obìnrin náà. Àwọn tó ń jí epo gbé ri ẹ̀rọ kan tó ń gbé ohùn wọkitọ́kì jìnnà mọ́ erékùṣù Snake Island, òun ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí omi. Mansur mọ̀ pé àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi náà ti rá pálá wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú wọkitọ́kì wọn. Bí kùrukùru ọyẹ́ bá bolẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fúnra wọn pé báàjì, ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń kó kọ̀ǹténà, ń bọ̀. Kazeem, tó ń fi ọkọ̀ gbé òṣìṣẹ́ sọdá, ló sọ fún un, tó ń rẹ́rìn-ín pé, "Ẹ̀rọ olè ló ń ṣọ́ wa!"

Ṣùgbọ́n Rukevwe, ọ̀gá Mansur, ti mọ ohun tó fẹ́ gbọ́.

"Mansur, na you sabi that side. Civilian dey use am? Abeg talk no, make we move."

Bí Mansur bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwé á máa lọ sí Àbújá, á máa bọ̀, wọ́n á sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun.

"Rárá, sà," ló wí.

Wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú kùrukùru, báàjì kan gun ọkọ̀ Kazeem nítòsí Kirikiri. Wọ́n yọ ọ́ láàyè, ṣùgbọ́n dókítà gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀.

Nígbà tí Mansur lọ kí wọn, Kazeem ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Kazeem bu ìrẹsì fún Mansur, ó sì fi ẹran tó tóbi jù lé e lórí. "Ológun mi, jẹun." Mansur ti ẹran náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ojú ń tì í, ó sì kórìíra ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ mọ ìjọba," ni ìyá wí. "Wọ́n ní àwọn sójà ló pa ẹ̀rọ yẹn. Ṣé kò sófin tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni?"

"Ó wà, Màmá."

"Wọn ò wá béèrè?"

"Wọ́n béèrè, mà."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

Mansur gbé ṣíbí sílẹ̀. "Lọ́wọ́ mi. Mo ní ẹnikẹ́ni ò lò ó."

Láti orí bẹ́ẹ̀dì ni ohùn ti wá, Kazeem ti lajú.

"Mansur, èmi ni mo sọ fún ẹ."