Mọ́tò Ọmọ Verlin

"Má gbé e wọbí o, Verlin! Ṣebí o mọ òfin." Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì nawọ́ sí òdìkejì ojú irin rélùwéè. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tó bá gbé mọ́tò ilẹ̀ òkèèrè wá sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ní Corwin máa ń gbé e sí. Verlin Stasiak ò jiyàn. Òun náà wà lára àwọn tó pariwo nípàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ títí òfin náà fi dúró.

Mọ́tò tirẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ yìí gan-an ṣe, kọ̀, kò ṣíná láàárọ̀ yẹn. Ó ti mú un pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù náà, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé bó bá tún pẹ́, kó jókòó sílé pátápátá. Colleen ọmọ rẹ̀ ló na kọ́kọ́rọ́ sí i: "Dádì, ẹ gbé tèmi jàre. Ẹ jẹ́ ká fi ìgbéraga sílẹ̀ lónìí." Mọ́tò Korea ni. Ó gbé e dé géètì kí fèrè iṣẹ́ tó dún, ṣùgbọ́n kó tó wọ́ ẹsẹ̀ nínú yìnyín padà láti òdìkejì rélùwéè, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Lorraine, ọ̀gá wọn, ti ń retí rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ wọṣẹ́ ni.

"Kí ló tún dé?"

"Mọ́tò mi ò ṣíná."

"Èyí tá a ṣe níbí? Ṣé ìyẹn ni kí n sọ fáwọn ọ̀gá òkè? Wọn ò ní fẹ́ gbọ́ ọ." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Sọ pé ti Korea yẹn ló dákú sọ́nà. Inú wọn á dùn débi pé wọ́n á fojú fò ọ́."

Verlin wò ó. Kò bínú, ojú ò sì tì í. Ńṣe ni gbogbo ara rẹ̀ kú bí ẹnu ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lábẹ́rẹ́ eyín.

"Ó dákú," ló wí.

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo wọn ti gbọ́. "Àbí a ò wí!" "Agolo mílíìkì lásán!" Wọ́n ń gbá a lẹ́yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà tí wọ́n ti lé àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ dànù torí pé ọjà ò tà.

Cedric, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, jókòó tì í.

"O gbà mí o. Ìyàwó mi ló ní irú ti ọmọ rẹ yẹn lòun fẹ́. O mọ̀ pé ìdájí ló ń jáde lọ gbàtọ́jú kíndìnrín. Tiwa tá à ń ṣe níbí ni mo máa lọ rà fún un lọ́la."

Verlin gbé kọfí sílẹ̀. Lorraine wà nídìí tábìlì kejì.

"Cedric, má ra tiwa fún un."

Ẹ̀rín dá.

"Ti ọmọ mi ò dákú. Tèmi ni ò ṣíná nílé. Irọ́ ni mo pa."

"Ta ló bi ọ́?" ẹnì kan kígbe. Lorraine fọwọ́ bo ojú.

Cedric nìkan ni ò gbójú kúrò lára rẹ̀. "Ṣé ti ọmọ rẹ yẹn ò tíì já a kulẹ̀ rí?"

"Kò já a kulẹ̀ rí."

Verlin dìde, ó sì lọ bá Lorraine lórí ọ̀rọ̀ pípẹ́ rẹ̀ kó tó pè é.