Fíláàṣì Tó Jí Kọ̀ǹpútà Ìyá Ọláwálé Dìde

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, láàpútọ́ọ̀pù Mùjídàt kọ̀, kò jí. Ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàn, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ funfun kan jáde pé ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti sọnù. Ó pa á, ó tún un tàn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó ní bóyá ó gbóná ni, ó fi í sílẹ̀, ó lọ ro ẹ̀wà tó wà lórí iná, ó padà wá. Ibi tó fi í sí náà ló bá a.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Mùjídàt. Basawa ní Zaria ló kọ́lé sí, ó sì fi yàrá mẹ́ta háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ìyá Ọláwálé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Ọ̀fà ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Zaria ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ náà ló ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀sán Sátidé ló máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà láti ka Yorùbá. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Zaria ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tí wọ́n ń sọ Hausa bí ẹni ń mumi, tí wọ́n ń sọ Yorùbá nílé, ṣùgbọ́n tí ìwé Yorùbá ń rú wọn lójú. Ẹnìkan tilẹ̀ wà láàárín wọn tí kì í ṣe Yorùbá rárá. Rose lorúkọ rẹ̀, ará ìhà Kafanchan ni, ó fẹ́ ọkọ Yorùbá, ó sì fẹ́ máa fúnra rẹ̀ ka ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń kọ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù.

Inú láàpútọ́ọ̀pù yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ wọn wà, ojú ìwé méjìlélọ́gọ́ta, tí Mùjídàt ti ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ láti tẹ̀ jáde ní ìwé. Ọjọ́ tó bá ti ní kí òun ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn ni àlejò máa ń dé, tàbí kí iná lọ. Kò rí i ṣe títí tí ọ̀ràn fi dé.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e lọ sí PZ láàárín ìlú, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní Wíńdòòsì inú rẹ̀ ló bàjẹ́, àfi kí òun fọ́mátì rẹ̀ kí òun sì gbé òmíràn sí i. Mùjídàt fi Hausa bi í bóyá iṣẹ́ òun yóò ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn fọ́mátì. Ọkùnrin náà kò purọ́ fún un. Ó ní bí ìgbà tí wọ́n bá fi omi fọ wàláà ilé kéwú ni, kò sí ohun tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀ tí yóò kù. Mùjídàt dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti láàpútọ́ọ̀pù bọ àpò, ó wọ Kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù padà sí Basawa.

Bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, Bùràímọ̀ ń ro oko àgbàdo kékeré tó wà níwájú ilé rẹ̀. Òun ni ará ilé òdìkejì, bàbá tó ti ṣiṣẹ́ ní yàrá ẹ̀rọ yunifásítì kó tó fẹ̀yìn tì. Ramlah lorúkọ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ti lọ sílé ọkọ ní Kano, nítorí náà Bàbá Ramlah ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Mùjídàt ti pè é wá sí kíláàsì Sátidé, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló ní òun ò ráàyè. Mùjídàt ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìgbéraga ni, pé ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ń fojú kéré ìwé kíkà. Láti ìgbà náà, ìkíni wọn kò ju ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ilé lọ.

Lọ́jọ́ yìí, Bùràímọ̀ fi ọkọ́ tì sílẹ̀.

"Ìyá Ọláwálé, kí ló dé tí ẹ gbé àpò yẹn mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá?"

Mùjídàt sọ fún un. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun yóò sọ tó bẹ́ẹ̀: ojú ìwé méjìlélọ́gọ́ta, ìwé tó fẹ́ tẹ̀, wàláà tí wọ́n fẹ́ fi omi fọ̀. Bùràímọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá sí i. Nígbà tó sọ tán, ó ní ohun tó bàjẹ́ yàtọ̀ sí ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà.

"Ilé yín kò wó," ó ní. "Ìlẹ̀kùn ló há. Wọ́n wá ní kí ẹ wó ilé nítorí ìlẹ̀kùn."

Ó ṣàlàyé fún un pé ènìyàn lè gbé odindi ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ sórí fíláàṣì. Bí wọ́n bá ki fíláàṣì náà bọ ẹ̀gbẹ́ láàpútọ́ọ̀pù, ara fíláàṣì ni yóò ti jí, kò ní fọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀. Linux lorúkọ ètò náà, ọ̀fẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà kan tí díìsìkì rẹ̀ ti kú pátápátá wà lọ́wọ́ Bùràímọ̀, ó sì ti tó ọdún márùn-ún tó ti ń fi fíláàṣì lò ó.

Mùjídàt bẹ̀ ẹ́ kó bá òun ṣe é. Bùràímọ̀ mi orí.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni n ó fi ṣe é. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni yín. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tí a bá bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣe kì í yé e. Ẹ mú fíláàṣì wá lọ́la, ẹ̀yin ni ẹ ó ṣe é."

Lẹ́yìn ìrun àláásárì ọjọ́ kejì, Mùjídàt dé ilé Bùràímọ̀ pẹ̀lú láàpútọ́ọ̀pù àti fíláàṣì kan. Ohun tí Bùràímọ̀ kọ́kọ́ bi í ni bóyá nǹkan wà lórí fíláàṣì náà, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe yóò pa gbogbo ohun orí rẹ̀ rẹ́. Àwòrán ìkómọ ọmọ Ọláwálé wà níbẹ̀. Wọ́n kó wọn sórí kọ̀ǹpútà Bùràímọ̀ ná. Ó fi fáìlì ńlá tí ètò náà wà nínú rẹ̀ hàn án, ó sì ní kó ṣe sùúrù kí òun lọ dá ewúrẹ́ kan tó ti wọ inú àgbàdo padà.

Mùjídàt kò lè ṣe sùúrù. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kó fáìlì láti ibì kan sí ibòmíràn, ó kó èyí sórí fíláàṣì, ó yọ ọ́, ó kì í bọ láàpútọ́ọ̀pù tirẹ̀, ó tàn án. Ọ̀rọ̀ funfun ọjọ́ Ajé ló tún jáde. Nígbà tí Bùràímọ̀ wọlé, ó bá a tó jókòó ti ẹ̀rọ náà, ojú rẹ̀ ti rọ.

Ó wo fíláàṣì náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ gbé àpò sìmẹ́ǹtì wá sórí ilẹ̀ ni, ẹ ò tíì mọlé."

Ó ní fáìlì náà kò ní ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá kàn gbé e síbẹ̀. Ètò kan wà tí yóò tú u palẹ̀, tí yóò tò ó sórí fíláàṣì lọ́nà tí kọ̀ǹpútà yóò fi mọ̀ pé ibẹ̀ ni kí òun ti bẹ̀rẹ̀. Mùjídàt ṣí ètò náà fúnra rẹ̀. Ó yan fíláàṣì, ó yan fáìlì, Bùràímọ̀ sì ní kó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀, kí ohun tó bá ń tò sí i má baà máa parẹ́ tó bá pa á. Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìlà àwọ̀ ewé kan bẹ̀rẹ̀ sí í gùn díẹ̀díẹ̀. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n sólà orí òrùlé gbà á. Wọ́n mu kunu, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn ayálégbé tí kì í ti géètì.

Nígbà tó parí, Bùràímọ̀ ní kó máa tẹ F12 léraléra bó bá ti ń tan láàpútọ́ọ̀pù. Ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ pẹ́. Ìgbà kejì, ojú kan tí kò rí rí yọ, orúkọ fíláàṣì wà níbẹ̀, ó yàn án. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ̀rọ náà bi í bóyá kó tọ́ ètò náà wò ni tàbí kó gbé e wọlé pátápátá.

"Ẹ dúró o," ni Bùràímọ̀ wí. "Èyí kejì yẹn lè pa iṣẹ́ yín rẹ́. Títọ́wò ni tiwa."

Mùjídàt kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́, ojú láàpútọ́ọ̀pù mọ́lẹ̀ kedere. Ó wá díìsìkì tirẹ̀, ó ṣí i, ó rí àpò fáìlì tó pè ní Ẹ̀kọ́. Ó ṣí ojú ìwé kìíní, ó ṣí ìkẹtàdínlógún, ó ṣí èyí tó kẹ́yìn. Gbogbo wọn pé. Ó sinmi lé àga. Kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ó kó gbogbo wọn sórí fíláàṣì mìíràn tí Bùràímọ̀ nà sí i.

Ohun kan ṣì kù tí Bùràímọ̀ fẹ́ fi hàn án. Nínú ètò náà, ibì kan wà tí wọ́n ti ń yan èdè tí wọ́n fẹ́ máa tẹ̀, Yorùbá sì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí Mùjídàt ti ń tẹ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ńṣe ló máa ń lọ ṣa lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Báyìí, ó kàn tẹ bọ́tìnnì, lẹ́tà ẹ jáde tòun ti àmì rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó tẹ gbólóhùn kan pé Bùràímọ̀ gbin àgbàdo síwájú ilé rẹ̀, ó yí ojú láàpútọ́ọ̀pù sí i pé kó kà á.

Bùràímọ̀ wò ó. Ó tún wò ó. Ó kó kọ́ọ̀bù kunu, ó ní òun ń lọ ṣan wọ́n.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Mùjídàt fi dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́, ó mọ ìrìn yẹn. Kò pè é padà. Nígbà tí Bùràímọ̀ dé, kò jókòó, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo mọ Gẹ̀ẹ́sì kà," ó ní. "Mo mọ Hausa kà, mo mọ kéwú. Yorùbá tí bàbá mi ń sọ ni ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi kà. Ìdajì àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ yín, èmi ni mo ń bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe. N ò fẹ́ kí wọ́n rí mi níbi tí mo ti ń kọ́ a, b, d."

Ohun tí Mùjídàt ti pè ní ìgbéraga láti ọjọ́ yìí, ìtìjú ni. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ó rí i pé ìyẹn yóò tún dójú ti ọkùnrin náà. Ó pa láàpútọ́ọ̀pù dé.

"Ẹ kọ̀, ẹ ò bá mi ṣe fíláàṣì," ó ní. "Èmi náà ò ní bá yín ka gbólóhùn yẹn. Aago mẹ́rin ni Sátidé, Bàbá Ramlah."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Mùjídàt jókòó ní yàrá ayálégbé rẹ̀ kan tó ní kọ̀ǹpútà, ó gbé Linux sórí fíláàṣì mìíràn fúnra rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni, ó fi ìyẹn pamọ́ sínú àpótí aṣọ.

Ní Sátidé, Bùràímọ̀ dé nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́rin lù, nínú káfútáánì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn ló jókòó sí. Oyèdàpọ̀, ẹni tó ń lẹ táyà ní Kwangila, dìde, ó fi Hausa kí i káàbọ̀ pé "Sannu da zuwa," ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ohun tó wá ṣe. Mùjídàt tan láàpútọ́ọ̀pù láti ara fíláàṣì, ó kọ gbólóhùn ọjọ́ náà sójú pátákó, ó ní kí wọ́n kà á ní méjì-méjì.

Rose ló sún mọ́ Bùràímọ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí abẹ́ lẹ́tà kan nínú ìwé, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé èyí tó ní àmì lábẹ́ kò dún bí èyí tí kò ní. Ọmọ Kafanchan ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní Yorùbá. Bùràímọ̀ tẹ orí ba, ó ń pè é tẹ̀lé e, ó ṣìṣe, ó tún un pè. Òjò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, ó sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò gbọ́ ara wọn mọ́. Wọ́n kó àga sún mọ́ra, wọ́n gbóhùn sókè, wọ́n ń kà lọ.