Ojú Kan fún Igba

Lójú àlá Mosúnmọ́lá, yàrá tó ti ń ṣe ìṣirò ti di pálọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n pátákó ìkọ̀wé ṣì wà lára ògiri, òun ló sì ń sọ̀rọ̀. Ó ní ìyá Mosúnmọ́lá, tí wọ́n ti sin láti oṣù kẹfà, ń bọ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán láti wá dágbére fún un. Mosúnmọ́lá ò lọ síbi ìsìnkú náà. Iṣẹ́ ìṣirò ló dá a dúró sílùú òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Síbẹ̀ ó tún gbé ṣọ́ọ̀kì, torí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Àwọn ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù, àwọn ohun tíntìntín inú átọ́ọ̀mù tó ń ṣírò, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, igba wọn, kálukú tó ọmọbìnrin tó ti bàlágà. Bí ọ̀kan bá mira, gbogbo ìyókù a mira, ìṣirò a sì dàrú. Àwọn onímọ̀ físíìsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè bíi tirẹ̀ ní ọgbọ́n kan: bí ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù bá pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè ṣírò lọ, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n máa fi rọ́pò gbogbo wọn, iṣẹ́ a wá rọrùn bí ẹní fẹran jẹ̀kọ. Ọgbọ́n ọ̀lẹ ni, àmọ́ ó máa ń bọ́ sí i. Ojú tirẹ̀ ló wà nítòsí. Ó fi wọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bá gbogbo wọn mu. Lẹ́yìn náà ó jókòó láàárín wọn.

Ìyá rẹ̀ wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n fi sin ín.

"Èwo ni tèmi nínú yín?"

Pátákó ní, "Igba ó lé ọ̀kan ni wọ́n, Màmá. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn."

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," ni ìyá wí. Ó bá fi oríkì pe ọmọ rẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́."

"Mà," ni gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mosúnmọ́lá dáhùn pẹ̀lú wọn, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ohùn tirẹ̀ níbẹ̀. Ó dìde, gbogbo wọn dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí pé mi ò wá," igba ẹnu ló sì bá a sọ ọ́.

Ìyá ń fọwọ́ kàn wọ́n lórí lọ. Ó kọjá Mosúnmọ́lá. Níparí bẹ́ǹṣì ó di ọwọ́ ọ̀kan mú.

"Ìwọ ni. Mo ti dárí jì ẹ́, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé, mà," ni ìyẹn dáhùn, òun nìkan.

Àwọn méjèèjì jáde. Pátákó ní ìṣirò náà ti pé. Ìyókù tún jókòó, Mosúnmọ́lá náà jókòó. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yíjú sí i.

"Ìyá tìẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì wà?"