Níbi Irin Tá A Máa Ń Dúró Sí

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí èmi àti Egon Kalthoff ti jọ ń dúró lẹ́yìn góòlù, níbi irin ìfaratì kan tó ti dípẹtà, ní pápá bọ́ọ̀lù wa nílùú Oberhausen. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ló ń ṣàkóso ìlú. Èmi ò sí nínú wọn o. Ọjọ́ tí ẹ bá rí mi láàárín wọn, kí ẹ yẹ orí mi wò. Ìdí nìyẹn tá a fi fi òfin kan ṣoṣo lélẹ̀: a kì í sọ̀rọ̀ òṣèlú níbi irin yẹn.

Àfi bí ìgbìmọ̀ ìlú ṣe ní àwọn fẹ́ ti ìdíkọ̀ rélùwéè kékeré ẹ̀yìn ilé wa pa. Mọ́ńdè ni wọ́n máa dìbò, ìbò Egon, tó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ náà, nìkan ló sì máa yanjú ẹ̀. Lothar ọkọ mi, tí ilé iṣẹ́ irin ti ba eékún rẹ̀ jẹ́, ibẹ̀ ló ti ń wọkọ̀ lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ta káàdì. Tí wọ́n bá tì í, inú ilé ló máa jókòó sí títí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo pa ẹnu mọ́. Ẹ wò ó, mo gbìyànjú! Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan kí eré parí, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wa. Egon dì mọ́ mi, a ń fò sókè, ni ọ̀rọ̀ bá já bọ́ lẹ́nu mi.

"Egon, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n ti ìdíkọ̀ Lothar pa!"

Ó tì mí kúrò lára. "Níbí? Walburga, níbí?"

"Má bínú, mi ò mọ ìgbà tó jáde."

"Ẹnu ẹ yìí ló máa pa ẹ́!" Ó bá tirẹ̀ lọ. Ojú tì mí gan-an.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ìlú. Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ kí ìdíkọ̀ náà ṣì wà nawọ́. Egon nawọ́, ìbò ẹ̀ ló sì gba ìdíkọ̀ náà là. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń wò ó bí ẹni tó jalè. Mo sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Má dúpẹ́ o," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti pinnu. Ṣùgbọ́n o rú òfin. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, mi ò fẹ́ rí ẹ níbi irin wa. Lọ dúró ní igun tí kò lórùlé yẹn."

"Mo gbọ́, ọ̀gá adájọ́!" Ẹ̀rín ń pa mí, inú mi dùn kọjá àlà.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ dúró ní igun náà, òjò ń rọ̀ lé mi lórí. Eré ò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo rí Egon tó ń bọ̀, ife bíà méjì lọ́wọ́.

"Kí lo wá ṣe níbí? Ṣebí ìwọ lo lé mi?"

"Ẹnu ẹ ni mo fìyà jẹ," ló wí, ó na ife kan sí mi. "Ta ló ní kí èmi náà máa dá dúró?"