Ọmọrí Kẹrin

“Ìkẹrin dà?”

Tundup ti to ọmọrí mẹ́ta sórí tábìlì kékeré náà. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ń retí èyí tó kù. Yangdol tẹjú mọ́ iná inú sítóòfù bí ẹni pé ibẹ̀ ni nǹkan náà yóò ti fò jáde.

“Mo ní ìkẹrin dà? Awò kan, ọmọrí mẹ́rin. Bí o ṣe gbà á láàárọ̀ nìyẹn.”

“Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n.”

“Etí rẹ gbọ́. Ọwọ́ rẹ ńkọ́?”

Ilé ìdáná Màmá Kunzes, ìyá bàbá Yangdol, ni àwọn márùn-ún tó ń bá abúlé Hanlung ṣọ́ ẹkùn yìnyín ti máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́, nítorí kò sí ilé tó móoru tó o. Bí òtútù bá ti mú, tí àwọn àlejò bá ti ń rọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n lè fojú kan ẹkùn náà, àwọn márùn-ún yìí ni yóò gòkè ní kùtùkùtù, awò awọ̀nàjíjìn lọ́rùn, láti wá ibi tó wà. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á dá awò padà fún Tundup, olórí wọn. Òun náà á wá ka àwọn ọmọrí tó ń bo ojú rẹ̀, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn.

Òfin náà kò ṣòro. Ẹni tó bá sọ ọmọrí kan nù, awò ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí yìnyín yóò fi yọ́. Eruku òkè Hanlung kì í ṣe eruku eré. Bó bá fá ojú awò lẹ́ẹ̀mejì péré, ẹkùn àti òkúta á di ọ̀kan náà lójú ẹni tó ń wò. Bí awò tí abúlé kọ́kọ́ ní ṣe bàjẹ́ nìyẹn.

Ọdún méjì ni Yangdol fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó gbé awò lé e lọ́wọ́. Òun nìkan ni obìnrin láàrin wọn.

“Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀?” Jigmet ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ife tíì oníbọ́tà lọ́wọ́ rẹ̀. “Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó máa ṣọ́ ọmọrí ìkòkò. Ìyẹn kì í rìn jìnnà.”

“Jigmet,” Yangdol kò tilẹ̀ yíjú, “awò ta ni ẹṣin gbé wálé lésìí?”

Àwọn méjì tó kù bú sẹ́rìn-ín. Jigmet ló fi awò kọ́ ọrùn ẹṣin, tó sun oorun lẹ́yìn àpáta, tí ẹṣin fi gbọ̀nà ilé lọ ní tirẹ̀.

“Ó gbé e wálé ṣá!” ni Jigmet wí. “Tìẹ ńkọ́, ta ló ń bá wa gbé e bọ̀?”

Tundup gbọ́wọ́ sókè, ẹ̀rín sì dákẹ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, ebi sì ń pa á. “Àbúrò, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gùn. Sọ pé ó sọnù. Fi awò sílẹ̀, ká lọ jẹun. Ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà.”

Ọ̀nà àbùjá ló là sílẹ̀ fún un yẹn, Yangdol sì mọ̀. Bó bá ní ó sọnù, awò lọ, ọ̀rọ̀ tán. Bó bá sọ ibi tó wà, ọ̀rọ̀ kò ní tán. Màlúù tí kò bá lóyún, yìnyín tí kò bá rọ̀, ọmọ tí ikọ́ bá ń ṣe, òun ni wọn yóò máa wò lójú.

Ó ká okùn awò náà mọ́ ọwọ́.

“Kò sọnù,” ló wí.

“Ó wà níbo?”

“Ó wà lójúbọ òkè. Láàrin òkúta.”

Gbogbo Hanlung ló mọ ojúbọ náà, òkúta tí wọ́n tò jọ tí wọ́n kùn ní funfun, ìwo ewúrẹ́ òkè lórí rẹ̀, ògiri kúkúrú yí i ká. Ibẹ̀ ni ẹni tó ni òkè ń gbé. Ọkùnrin ló ń pààrọ̀ ewé olóòórùn orí rẹ̀ lọ́dọọdún. Obìnrin kì í kọjá ògiri náà. Ohun tí wọ́n bá sì ti gbé sí ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í mú un kúrò mọ́, ìbáà jẹ́ abẹ́rẹ́.

“Ta ló gbé e débẹ̀?” Ohùn Tundup ti lọ sílẹ̀.

“Èmi ni.”

“Ìwọ, obìnrin?”

“Èmi, obìnrin yìí. Atẹ́gùn ń gbé mi lọ, ẹ̀gbọ́n. Àpò mi ti ya. Mo sá sí ẹ̀yìn òkúta, mo ṣí ojú awò, mo sì ki ọmọrí bọ inú ihò tó wà níwájú mi kó má baà fò lọ. Mi ò ronú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ẹkùn dìde lórí àpáta òdìkejì, mo sáré sọ̀ kalẹ̀ wá pè yín. Ẹkùn tí àwọn àlejò rí lónìí, tí wọ́n fi ń bọ̀ yín lọ́wọ́, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ibẹ̀ ni ẹ̀yin ọkùnrin máa ń dúró. Ẹ ní kí n máa lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Kí ló wà nísàlẹ̀ odò? Ẹyẹ ìwò!”

“Ó ti sọ ọ́ di ìjà,” ni Jigmet ń kùn.

Màmá Kunzes ti ń ran òwú irun ewúrẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé. Ó dá ọwọ́ dúró.

“Tundup, nígbà tí wọ́n ń pọ̀n ọ́, ta ló ń da àgùntàn ilé yín?”

“Ẹ̀yin ni, màmá.”

“Ọdún tí yìnyín dí ọ̀nà mọ́ mi lókè, ibo lo rò pé mo sùn? Pẹ̀lú oyún bàbá ọmọ yìí nínú?” Ó tún mú òwú rẹ̀. “Ẹ̀yìn mi ni mo fi ti òkúta yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹni tó ni òkè kò lé mi. Bóyá ó tilẹ̀ rí ẹni bá sọ̀rọ̀.”

“Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, màmá.”

“Ta ló bi mí?”

Tundup fi ọwọ́ ra ojú. “Màmá, a gbọ́. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Ọmọrí kò pé. Yangdol, mú awò wá.”

“Mi ò ní mú un wá.”

“Kí lo wí?”

“Òfin ní ẹni tó bá sọ ọ́ nù. Mi ò sọ ọ́ nù. Mo mọ òkúta tó wà, mo mọ ihò tó wà. Kí ọkùnrin kan nínú yín gòkè lọ mú un wá lọ́la, ó ti pé nìyẹn. Jigmet, ṣé wàá lọ?”

Tíì há Jigmet lọ́fun. “Èmi kẹ̀? Mo ṣì fẹ́ fi ọwọ́ mi jẹun!”

“Ẹ̀gbọ́n ńkọ́?”

Tundup tún ọmọrí mẹ́ta náà tò.

“Ẹ rí i? Kò sọnù. Ó ti di ti ẹni tó ni òkè. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba nǹkan, ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.” Yangdol kó ọmọrí mẹ́ta náà kúrò lórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ojú awò kò ní wà ní ìhòòhò. Ìyẹn tó mi í ṣe.”

Nígbà tí àwọn ọkùnrin náà jáde, ìyá àgbà gbé bàtà onírun tí ọkọ rẹ̀ ń wọ̀ nígbà ayé rẹ̀ jù sí i lẹ́sẹ̀. Yangdol gé ọrùn bàtà náà, ó rán an yípo bí ọmọrí, ó dán an wò lójú awò. Ó fún mọ́ ọn dáadáa. Lẹ́yìn náà ló fa òwú ewúrẹ́ ọwọ́ ìyá àgbà, ó lọ́ ọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó sì so ọmọrí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ okùn ọrùn awò, kí èyí tó bá ṣí máa fì dirodiro.

“Ó dà bí ewúrẹ́ tí wọ́n so agogo mọ́,” ni ìyá àgbà wí.

“Ewúrẹ́ tí wọ́n so kì í sọnù, màmá.”

Kí àwọn yòókù tó mu tíì àárọ̀, ó ti ń gòkè. Ó kọjá ẹsẹ̀ ọ̀nà tó lọ sí ìsàlẹ̀ odò, kò wò ó. Nígbà tó dé ìdí ògiri kúkúrú, ó dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, ó gbé èkejì.

Ọmọrí náà wà nínú ihò rẹ̀, ó dúdú láàrin funfun, omi dídì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta. Kò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti òkúta bí ìyá àgbà ṣe sọ, ó ṣí ojú awò. Ọmọrí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọ̀ sí i láyà.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́ ìró bàtà lórí yìnyín. Ó mọ ìrìn Tundup, ó sì mọ ohun tó ń bọ̀ wá gbà. Ìró náà dúró lẹ́yìn ògiri. Èémí ọkùnrin náà ń wọlé jáde kíkankíkan.

“Yangdol.”

Kò sọ awò kalẹ̀. Ẹkùn ti yọjú lórí àpáta òdìkejì.

“Yangdol, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀.”

“Ẹ lóṣòó, ẹ̀gbọ́n,” ló wí jẹ́jẹ́. “Ó ń wò yín.”

Tundup lóṣòó.